Ọ̀bẹ Bowie, Ọ̀bẹ Kephart, àti Àwọn Alágbẹ̀dẹ Tí A Kò Dárúkọ

Nínú gbogbo ọ̀bẹ tí ó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ọ̀bẹ Bowie. Ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ James Bowie rí lè ti rí àwòrán ọ̀bẹ náà: ó gùn, ó fẹ̀, wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú níbi ṣóńṣó kí orí rẹ̀ lè mú ṣáṣá. Mo fẹ́ràn ọ̀bẹ, mo sì fẹ́ràn ìtàn ọ̀bẹ ju ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ohunkóhun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ nípa àwọn ọ̀bẹ tí wọ́n sọ lórúkọ jagunjagun, ọdẹ àti àwọn tí ń gbé inú igbó ní Amẹ́ríkà. Bí mo ṣe ń kà á ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kan ń padà wá sí mi lọ́kàn: ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Orúkọ ẹni tó fi ọ̀bẹ jà ni ayé mọ̀. Ẹni tó rọ ọ́ ńkọ́? Àwọn tí wọ́n tà kí olówó ọ̀bẹ tó di olówó ńkọ́?

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1827 ni òkìkí Bowie bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ iyanrìn kan nínú odò Mississippi, nítòsí ìlú Natchez. Ọkùnrin méjì, Samuel Wells àti dókítà kan tó ń jẹ́ Thomas Maddox, ti pe ara wọn níjà ìbọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe nígbà náà. Wọ́n yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì, kò ba ẹnì kankan, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn tó sìn wọ́n wá, tí James Bowie wà lára àwọn tó tẹ̀ lé Wells, ni kò jẹ́ kọ́rọ̀ tán síbẹ̀, nítorí ọ̀tá ti wà láàárín wọn tipẹ́. Ìbọn tún dún, Bowie ṣubú. Norris Wright, tí òun àti Bowie kì í rí ara wọn sójú, fa idà yọ nínú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó fi gún un láyà. Idà náà kọ lu eegun, ó tẹ̀. Bowie fà á wálẹ̀ mọ́ra, ó fi ọ̀bẹ ńlá kan pa á. Àwọn ìwé ìròyìn gbé ìròyìn náà káàkiri, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá alágbẹ̀dẹ pé kí ó bá àwọn rọ irú ọ̀bẹ Bowie.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀bẹ ọjọ́ náà kò jọ èyí tí à ń pè ní Bowie lónìí. Ní 1838, nígbà tí James ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Rezin kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan. Ó ní òun lòun ṣe ọ̀bẹ àkọ́kọ́, ní Avoyelles ní Louisiana, pé nítorí ọdẹ ni òun sì ṣe ṣe é. Ó gùn ní íńṣì 9 àti ìdámẹ́rin, ó fẹ̀ ní íńṣì kan ààbọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ní ojú, ó sì gún gbọọrọ láìtẹ̀. Ọ̀bẹ alápatà ni, irú èyí tí a ń rí lórí pákó níbi ìsọ̀ ẹran. Gbogbo ọ̀ṣọ́ tí a mọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ìjà ni wọ́n fi kún un, nítorí àwọn oníbàárà ń fẹ́ ohun tó dẹ́rù bani.

Rezin ní òun ló ṣe é, ṣùgbọ́n ìtàn ìdílé náà sọ pé alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Jesse Clifft ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ọ́. Ní Arkansas ẹ̀wẹ̀, alágbẹ̀dẹ mìíràn ni wọ́n ń dárúkọ: James Black, ará ìlú Washington. Wọ́n ní ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1830 ni Bowie wá bá a, tí Black sì rọ ọ̀bẹ fún un lọ́nà tí ẹlòmíràn kò lè gbà ṣe é, nítorí ó ní àṣírí kan nípa bí ó ṣe ń mú irin le, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo òun níbi tí ó ti ń ṣe é. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, bàbá ìyàwó rẹ̀ fi igi lù ú, ìyẹn sì wà lára ohun tó gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdílé dókítà kan tó ń jẹ́ Jones gbà á sílé, ọ̀dọ̀ wọn ló gbé títí ó fi kú ní 1872. Ọmọ dókítà náà, Daniel Webster Jones, tó di gómìnà Arkansas nígbẹ̀yìn, ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1870. Ọkùnrin arúgbó náà pè é, ó ní òun fẹ́ fi àṣírí iṣẹ́ òun hàn án kí òun tó lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀san inúure tí wọ́n ṣe fún òun. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó dúró. Ó ń fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀, ó ń ronú, ó ń ronú, kò rántí ohunkóhun mọ́. Ó bú sẹ́kún.

Mo ti ka ìtàn ogun tó ju ìyẹn lọ nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn mí tó o. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í gbé inú ìwé. Inú ọwọ́ àti inú orí ló ń gbé, bí alágbẹ̀dẹ kò bá sì ní ọmọ iṣẹ́ tí ń fín ewìrì fún un tí ojú rẹ̀ sì là sí i, ó ti parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa owó. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1808 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun. Òfin yẹn ni James Bowie àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣe ọrọ̀. Jean Lafitte, olè ojú òkun, ti tẹ̀ dó sí erékùṣù Galveston, àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ń dá ọkọ̀ ẹrú àwọn ará Sípéènì lọ́nà lórí omi, wọ́n ń kó àwọn ènìyàn tó wà nínú wọn. Àwọn Bowie á lọ rà wọ́n níbẹ̀ lórí ìwọ̀n: dọ́là kan fún pọ́ùn kan ara ènìyàn. Wọ́n á kó wọn gba inú àbàtà wọ Louisiana, wọ́n á sì fúnra wọn lọ sọ fún àwọn aṣọ́bodè pé àwọn rí ẹrù fàyàwọ́. Ìjọba á gba àwọn ènìyàn náà, á lù wọ́n ní gbàǹjo. Àwọn Bowie náà ni yóò tún rà wọ́n, nítorí pé ìdajì owó gbàǹjo jẹ́ ti ẹni tó tú àṣírí. Báyìí ni ìdajì owó wọn ṣe ń padà sápò wọn, tí àwọn tí wọ́n kó ní fàyàwọ́ sì ń di ẹrú tó ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n lè tà níbikíbi. John Bowie, ẹ̀gbọ́n James, ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nígbẹ̀yìn, láìsí ìtìjú: ó ní dọ́là 65,000 ni àwọn jẹ lórí rẹ̀.

Kúbà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrú Sípéènì nígbà náà ń lọ. Kúbà kan náà ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí. Bí mo bá ti rántí èyí, n kò lè ka ìtàn Bowie bí ìtàn akọni mọ́. Orúkọ tó wà lára ọ̀bẹ náà ti wà lára ìwé títa ènìyàn kó tó dé ara irin.

Bowie kú ní Alamo, odi kan ní Texas, ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1836, lórí ibùsùn àìsàn, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Mẹ́síkò ya wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn tó yè, tó sì ròyìn bí ọjọ́ náà ṣe rí fún àwọn aláṣẹ Texas, ni Joe, ẹrú ọ̀gágun William Travis. Wọ́n gba ẹ̀rí ẹnu rẹ̀, wọ́n tún dá a padà sínú oko ẹrú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sá lọ.

Lẹ́yìn ikú Bowie ni ọ̀bẹ rẹ̀ wá gbilẹ̀. Lórí ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Arkansas, ní oṣù Kejìlá ọdún 1837, olórí ilé, John Wilson, sọ̀kalẹ̀ láti orí àga rẹ̀, ó sì fi ọ̀bẹ Bowie pa aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀, J. J. Anthony. Lọ́dún kan náà ni Alabama fi owó orí dọ́là 100 lé títa ọ̀bẹ náà. Kò dá a dúró. Sheffield, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí ọjà. Wọ́n ń rọ ọ̀bẹ Bowie, wọ́n ń dì í sínú àpótí, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú wọn, George Wostenholm, tilẹ̀ sọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ Washington. Wọ́n máa ń fín ọ̀rọ̀ sí ara irin náà láti fi wu oníbàárà. Lára èyí tó ṣì wà títí di òní ni ọ̀bẹ Sheffield tí wọ́n fín sí lára pé ikú fún ìtúsílẹ̀ ẹrú. Ìlú kan náà tí àwọn obìnrin ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1825 láti gbógun ti ìkónilẹ́rú ni alágbẹ̀dẹ kan ti jókòó, tí ó ń fi irinṣẹ́ fín ọ̀rọ̀ yẹn fún owó. Mo ti gbìyànjú láti fi ara mi sí ipò rẹ̀. Ó ṣe é ṣe kí ebi wà nílé. Síbẹ̀, lẹ́tà lẹ́tà ni ènìyàn ń fín irin, ó láyè láti mọ ohun tí òun ń kọ.

Ọ̀bẹ Bowie kan wà, bó ti wù kó rí, tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ dénú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1856, John Brown, ọkùnrin aláwọ̀ funfun tó ti búra pé òun yóò bá oko ẹrú jà títí òun yóò fi kú, ṣẹ́gun ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan tó ń jà fún àwọn olówó ẹrú ní Black Jack ní Kansas. Ó gba ọ̀bẹ Bowie lọ́wọ́ olórí wọn, Henry Clay Pate. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbé ọ̀bẹ náà lọ sí Collinsville ní Connecticut, ó fi han alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Charles Blair, ó bi í pé èló ni yóò gbà láti rọ irú rẹ̀, kí ó sì fi í sórí ọ̀pá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Blair ní bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan, òun yóò gba dọ́là kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ wọ̀nyí ni Brown kó lọ sí ìlú Harpers Ferry ní Virginia ní oṣù Kẹwàá ọdún 1859, láti pín wọn fún àwọn ẹrú kí wọ́n lè dìde. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n yẹgi fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀bẹ ṣe yí padà: ohun tí wọ́n rọ fún àwọn olówó ẹrú ni ó wá di àwòṣe ohun ìjà ẹrú. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Collinsville kan náà ni ilé-iṣẹ́ Collins wà, tí ń rọ àdá tí wọ́n ń kó lọ tà ní Kúbà àti káàkiri Gúúsù Amẹ́ríkà. Àdá oko ìrèké ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1868, Carlos Manuel de Céspedes tú àwọn ẹrú tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì pe Kúbà síjà òmìnira. Àwọn tí wọ́n ti ń fi àdá gé ìrèké fún ẹlòmíràn gbé àdá kan náà, wọ́n kọjú sí ìbọn Sípéènì. Ògún aládàá méjì: ó fi ọ̀kan sánko, ó fi ọ̀kan yènà. Àwọn ọmọ Lukumí tó gbé Ògún dé Kúbà kò gbàgbé àdá rẹ̀, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ títí di òní.

Àwọn tó ń gbé inú igbó ní tòótọ́, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kò fẹ́ràn ọ̀bẹ Bowie rárá. George Washington Sears, tí wọ́n bí ní Massachusetts ní 1821, jẹ́ aránbàtà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń dà láàmú. Ó fi Nessmuk ṣe orúkọ tó fi ń kọ̀wé, orúkọ ọ̀dọ́kùnrin ẹ̀yà Nipmuc, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ àtètèkọ́ṣe Amẹ́ríkà, tó mú un wọ igbó nígbà tó wà ní kékeré. Ó kéré, kò lágbára, nítorí náà ó ń wá ohun tó fúyẹ́ nínú ohun gbogbo. Ní 1883, nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó wa ọkọ̀ kan tí J. Henry Rushton kàn fún un já igbó Adirondack, máìlì 266, ọkọ̀ náà kò sì tó kílò 5. Nínú ìwé tó kọ lọ́dún kejì, ó sọ ojú abẹ níkòó: ó ní àwọn ọ̀bẹ Bowie tí wọ́n ń tà fún ọdẹ nípọn, wọ́n wúwo, wọ́n dà bí ohun ìpànìyàn lójú, ṣùgbọ́n wọn kò wúlò, pé ìbàdí Billy the Kid, ọ̀daràn oníbọn nì, ló yẹ wọ́n ju ti ọdẹ lọ. Ọ̀bẹ tirẹ̀ tín-ín-rín, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gegele díẹ̀, ó dára fún bíbó awọ ẹran, fún gígé ẹran àti fún jíjẹun. Nígbà tó ń wá àáké kékeré tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò rí èyí tó dára níbì kankan, àfi ìgbà tó kan ẹni tí ń ṣe irinṣẹ́ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Rochester, tó gbà láti rọ ọ́ fún un.

Ẹni tí mo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni Horace Kephart. Wọ́n bí i ní Pennsylvania ní 1862. Olórí ilé-ìkàwé ni ní St. Louis, ọ̀mọ̀wé ni, àwọn ènìyàn bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ ọtí àti ìrònú dojú ayé rẹ̀ bolẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́fà wà lọ́tọ̀, òun sì gba inú òkè Smoky lọ ní North Carolina ní 1904, ó ń gbé inú ahéré kan lẹ́bàá odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Hazel Creek. N kò ní fi ìyẹn ṣe ìyìn fún un, ìyà ọ̀rọ̀ náà kò kéré lórí obìnrin tó tọ́ ọmọ mẹ́fà. Inú ahéré yẹn ló ti di ẹni tí a ń kà títí di òní. Ìwé rẹ̀ lórí ìgbé ayé inú igbó jáde ní 1906, ẹ̀mí Nessmuk tó ti kú ló sì yà á sí mímọ́ fún.

Kephart náà kọ lu ọ̀bẹ Bowie. Ó ní ó nípọn jù láti fi gbẹ́ igi, ó nípọn jù láti fi bó awọ, ṣóńṣó rẹ̀ mú jù láti fi se oúnjẹ àti láti fi jẹun. Ó ní irin rẹ̀ máa ń le jù, pé bí o bá fi gé ìhà akọ àgbọ̀nrín àgbà báyìí, ojú rẹ̀ á kán bí eyín ayùn, níbi tí òkúta ìpọ́nbẹ kò sí nítòsí. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe àpèjúwe ti ara rẹ̀, mo sì fẹ́ràn àpèjúwe náà ju gbogbo ìtàn ìjà orí iyanrìn lọ. Irin rẹ̀ gùn ní íńṣì 4 àti ìdámẹ́rin, èkù rẹ̀ gùn bákan náà. Ó fẹ̀ ní íńṣì kan, ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn ní ìdámẹ́jọ íńṣì. Irin náà gba inú èkù kọjá dé ìdí, wọ́n sì fi ìṣó kàn án pa pọ̀. Èkù jẹ́ igi tó le ṣùgbọ́n tó fúyẹ́, ó rí roboto, kò ní igun tí yóò bó ọwọ́. Gbogbo rẹ̀ wúwo tó áúńsì 4, ìyẹn bíi gíráàmù 113. Wọ́n mú irin náà le tó láti gé igi tútù, ṣùgbọ́n kò le débi tí yóò fi kán. Bó bá pàdé eegun, ojú rẹ̀ á tẹ̀, òkúta ìpọ́nbẹ á sì tún un ṣe. Ó fi ọ̀rọ̀ àwọn ará Abisíníà, ìyẹn Etiópíà òde òní, gbè é: bí idà bá tẹ̀, a lè nà án, bí ó bá dá, ta ni yóò tún un ṣe?

Alágbẹ̀dẹ oko kan ló rọ ọ́ fún un. Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ó ní ọ̀bẹ náà wà lára ohun tó burẹ́wà jù tí òun rí, síbẹ̀ ó ti ṣe iṣẹ́ ju gbogbo ọ̀bẹ yòókù tí òun ti lò lọ lápapọ̀. Ó sọ ìwọ̀n èkù, ó sọ bí àkọ̀ ṣe rọ̀ mọ́ ìgbànú, ó sọ bí igi náà ṣe tín-ín-rín síwájú kí ó lè wọ àkọ̀ dáadáa. Kò sọ orúkọ alágbẹ̀dẹ. Ó dùn mí, nítorí Kephart kì í ṣe aláìmoore ènìyàn, ó sì mọ bí a ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Colclesser ní Pennsylvania wá ṣe irú rẹ̀ fún títà pẹ̀lú orúkọ Kephart lára. Òun àti ayàwòrán ọmọ Jàpáànì kan, George Masa, ló wà lára àwọn tó jà kí wọ́n dá igbó ọba Smoky sílẹ̀. Ìjàǹbá mọ́tò pa á nítòsí Bryson City ní oṣù Kẹrin ọdún 1931, ọdún mẹ́ta ṣáájú kí igbó ọba náà tó dúró. Òkè kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló tún ti ń ṣe ọ̀bẹ Kephart báyìí. Mo ti yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan dára gan-an. Àwọn mìíràn ti mú ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn sí i kí wọ́n lè ní ó lágbára, ìyẹn ohun gan-an tí ọkùnrin náà ń sá fún.

Mo ya àwòrán rẹ̀ sórí páálí ní ìwọ̀n tó kọ sílẹ̀, mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ kan ládùúgbò wa, àgbàlagbà tí ń fi sípíríǹgì mọ́tò rọ àdá àti ọkọ́. Ó fi ìka wọn páálí náà, ó yí i padà.

"Ta lo fẹ́ fi èyí pa?"

"Kò sí o, Bàbá. Iṣu àti ẹran ni mo fẹ́ máa fi gé, bóyá kí n fi gbẹ́ igi."

Ó ní sípíríǹgì mọ́tò ńlá nípọn jù fún un, pé ti mọ́tò kékeré ni òun yóò lò, òun yóò sì lù ú kó tín-ín-rín. A na ọ̀rọ̀ owó, a fẹnu kò. Mo wá ní kó fín orúkọ tirẹ̀ sí i lẹ́bàá èkù. Ó ní òun kò fín orúkọ sí ọ̀bẹ rí, pé irinṣẹ́ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun, òun yóò kọ́kọ́ rọ ìyẹn ná.